Kí Ọ̀pá Yìí Di Apá Fún Ọ

Olódùmarè, Ọba tó dá omi sílẹ̀ kó tó dá ẹni tí òùngbẹ yóò gbẹ, mo júbà. Mo júbà ilẹ̀ tí mo tẹ̀, mo júbà ọ̀sà tó yí i ká. Mo júbà àwọn Àwórì tó tẹ etí omi yìí dó kí ẹnikẹ́ni tó la títì síbẹ̀. Mo júbà àwọn Ẹ̀gùn, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ tó mọ ojú omi bí àgbẹ̀ ti mọ ojú oko. Mo júbà gbogbo ọwọ́ tó ti gbẹ́ ọ̀pá ìpẹja rí, àtèyí tí mo mọ̀, àtèyí tí mi ò mọ̀. Iṣẹ́ tí a fi ìbà bẹ̀rẹ̀ kì í bàjẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Kí ìbà mi ṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwúre yìí, ẹ bá mi dá sí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àgbájọ ohùn la fi ń ṣe àmín.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ọ̀pá kan wà lórí itan mi, ọ̀rẹ́ mi sì jókòó tì mí lórí àpótí ní bèbè omi. Káfíńtà ni mí, télọ̀ ni òun. Láti kékeré la ti jọ wà ní Festac nílùú Èkó, láti ìgbà tí a ti ń fi òwú ìránṣọ àti píìnì tí a fi eyín tẹ̀ pẹja nínú kánàà. Ní ọdún tó kọjá, àìsàn rọpárọsẹ̀ dé sí ìhà ọ̀tún rẹ̀. Apá tó ń gé aṣọ, apá tó ń na téèpù wọn èjìká oníbàárà, apá tó ń ju ìwọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó rọ. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ẹsẹ̀ ti ń gbéra, ọ̀rọ̀ ti padà sẹ́nu. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ó wo ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ àtijọ́ níbi tó fara ti ògiri, ọ̀pá tó ń fẹ́ ọwọ́ méjì, ó ní kí n gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn. Mo gbé e lọ. Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Kí àkùkọ tó kọ, mo ti mọ ohun tí n óò ṣe: ọ̀pá tuntun, tí a wọ̀n sí ọwọ́ òsì rẹ̀, sí èjìká rẹ̀, sí agbára rẹ̀ bó ṣe kù. Bí òun náà ti máa ń rán aṣọ gẹ́gẹ́ bí ara oníbàárà ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rán ọ̀pá yìí fún un.

Olúwa, kí n tó fà á lé e lọ́wọ́, mo fẹ́ gbàdúrà sí i láti ìdí dé ṣóńṣó.

Ọparun ni ọ̀pá yìí. Ìwọ lo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kó tó kàn mí. Koríko ni ọparun, kì í ṣe igi, síbẹ̀ koríko yìí làwọn bíríkìlà fi ń ti dẹ́kìn ilé alájà títí kọnkéré yóò fi gan. Láàárín oṣù díẹ̀ ló ń ga dé ibi tí yóò ga dé, àmọ́ ó ń tó bí ọdún mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó le. Ẹni tó gé e ní kékeré, omi lásán ló gé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo gé tèmi, nígbà tí omi ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, nítorí adùn inú ọparun ni kòkòrò ń wá, bí kòkòrò bá sì ti wọ̀ ọ́, á sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Mo rì í sómi, mo yọ ọ́, mo tọ́jú rẹ̀ síbi òjìji títí ó fi gbẹ. Kò là, kò sán.

Ọ̀rẹ́ mi, oríkèé oríkèé ni ọparun fi ń lọ sókè. Oríkèé oríkèé ni kí ara tìrẹ máa fi gba okun, ọrùn ọwọ́, ìgbọ̀nwọ́, èjìká, ìbàdí, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀. Inú ọparun ṣófo, síbẹ̀ ìjì ò rí i dá; ohun tó ṣófo lára rẹ kò ní sọ ọ́ di aláìlágbára. Kòkòrò kì í rí ọparun tí a gé lákòókò jẹ. Kòkòrò ayé kò ní rí adùn rẹ jẹ. Ọparun ni mo mú dání lówùúrọ̀ yìí. Àrùn tó bá kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí Olúwa pa á run. Ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó pa á run. Ìbẹ̀rù òru, èyí tó ń jí ọ kó o máa fọwọ́ kan apá wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, kí Olúwa pa á run pátápátá. Àmín.

Ọparun yìí kò tọ́ nígbà tí mo gé e. Kò sí èyí tó ń tọ́ láti inú igbó wá. Mo dá iná èédú, mo ń yí i lókè iná díẹ̀díẹ̀ títí òróró fi ń yọ lára rẹ̀ bí òógùn, tó sì rọ̀. Mo wá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ, mo dì í mú títí ó fi tutù. Bí a bá kánjú, á jó. Bí a bá fi ipá ṣe é, á sán. Bí a bá tètè fi í sílẹ̀, á padà sí wíwọ́ rẹ̀. Ohun táwọn tó ń na ọwọ́ rẹ nílé ìwòsàn ń ṣe náà nìyẹn: wọ́n ń mú un gbóná, wọ́n ń nà án, wọ́n ń dì í mú. Ọlọ́run, bùkún ọwọ́ wọn. Bùkún ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń fi òróró ra apá náà ní òròòwúrọ̀ kó tó lọ sọ́jà. Kó jẹ èrè sùúrù rẹ̀ ní ojú ayé rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, iná tó o là kọjá, iná tó ń múni tọ́ ni yóò jẹ́, kò ní jẹ́ iná tó ń jóni. Sùúrù tí mo ní fún ọparun, kí ìwọ náà ní in fún ara rẹ. Lọ́jọ́ tí ìka kò bá gbọ́ràn, má bú u. Mú un gbóná, nà án, dì í mú. Ẹni tó ní sùúrù, ohun gbogbo ló ní. Àmín.

Gbogbo ọ̀pá ló ní ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà. Ojú lásán kò lè rí i. A ó gbé ìdí rẹ̀ lé tábìlì, a ó fi ọwọ́ tẹ ṣóńṣó rẹ̀, a ó máa yí i. Á ń yí, á ń yí, lójijì á fò, á sì jókòó síbì kan. Kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ẹni tó bá so okùn lòdì sí ibẹ̀, ọ̀pá á máa yí mọ́ ọn lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹja bá fà. Mo wá ẹ̀yìn ọ̀pá yìí títí mo fi rí i. Ọ̀rẹ́ mi, kí Ẹlẹ́dàá fi ibi tí agbára rẹ jókòó sí hàn ọ́. Àwọn ènìyàn ń wo apá ọ̀tún rẹ, wọ́n ń mi orí. Kí ìwọ má bá wọn wo ibẹ̀. Ojú tó mọ ìlà aṣọ láìfi ṣọ́ọ̀kì fà á, ó ṣì wà lágbárí rẹ. Ẹnu tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Orí rẹ kò ní ta kò ọ́. Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní so ayé rẹ lòdì. Àmín.

Mo wọ̀n ọ́ láìjẹ́ kó o mọ̀. Lọ́jọ́ tó o di apá mi mú tí a jọ sọdá ní Second Gate, mo ń ka bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ ṣe fẹ̀ tó àti bí ìka rẹ ṣe ń di nǹkan mú. Ibi tí wàá ti di ọ̀pá yìí mú kò sanra ju ohun tí ọwọ́ òsì rẹ lè ká. Mo jẹ́ kí ìdí rẹ̀ gùn dé ìgbọ̀nwọ́, kó lè sinmi lábẹ́ apá. Mo gé rọ́bà túùbù táyà, mo fi ṣe ìdè tí yóò so ó mọ́ ọ lára, kí ọrùn ọwọ́ má baà dá ẹrù gbé. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni gígùn rẹ̀. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣóńṣó á wúwo, èjìká á sì ṣàárẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Rọ apá, rọ ẹsẹ̀: orúkọ tí àwọn baba wa sọ àìsàn náà nìyẹn. Ọ̀pá ni mo fi dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi, kí ọ̀pá yìí di apá fún ọ. Ibi tí apá kò bá nà dé, kí ọ̀pá nà débẹ̀. Kí apá tó rọ máa wo ọ̀pá, kó sì rántí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀tún tún ṣe. Òsì tó ń ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kí òṣì wọlé. Òsì rẹ á ṣiṣẹ́, òṣì kò ní mọ ojúlé rẹ. Àṣẹ.

Òwú tí mo fi wé e, ṣọ́ọ̀bù rẹ ló ti wá. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ fún mi ní róòlù kan, àwọ̀ obì, kò sì bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀bá gbogbo oríkèé, níbi tí ọparun ti lè là, ni mo wé. Lẹ́yìn náà mo fi fáníṣì bò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Fọ́nrán òwú kan, ọmọ ọwọ́ lè já a. Tó bá wé mọ́ra nígbà ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ àgbàlagbà ò ràn án. Irú òwú yìí lo fi rán aṣọ ìyàwó fún àwọn ọmọ àdúgbò wa, òun lo fi rán aṣọ ọdún, òun lo fi rán aṣọ tí a wọ̀ lọ sin àwọn òbí wa. Kí gbogbo oore tó o ti fi ọwọ́ rẹ rán yí ọ ká lọ́jọ́ àìlera, bí òwú ti yí ọ̀pá yìí ká. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ kò ní tì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ kò ní dalẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ kò ní pa rẹ́ ládùúgbò. Àmín.

Bí mo ti ń wé òwú yìí, mo rántí ẹnì kan tí mi ò bá láyé. Ní ìlú Easton, ní Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1840 sí 1850, Samuel Phillippe ń la ọparun sí pẹlẹbẹ, ó ń fi àtè lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ọ̀pá ìpẹja. Ìbọn ló ń rọ jẹun, ó sì tún ń ṣe gòjé òyìnbó. Ọwọ́ kan náà ló ṣe ohun tó ń pani, ló ṣe ohun tó ń kọrin, ló ṣe ohun tó ń mú kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́bàá omi. Olúwa, kí ọwọ́ mi máa jìnnà sí ohun tó ń pani. Ayùn mi, òòlù mi, ọ̀bẹ mi, kí gbogbo irin tí mo bá gbé máa ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ yóò fi rẹ́rìn-ín. Àmín.

Wàyí o, okùn. Àwọn àgbà apẹja ló kọ́ mi pé a kì í so okùn mọ́ ṣóńṣó ọ̀pá nìkan. Lọ́jọ́ tí ẹja ńlá bá ṣẹ́ ṣóńṣó náà, ẹja lọ, okùn lọ, ìwọ̀ lọ. Ìdí ni mo ti so okùn yìí. Mo fà á gba ara ọ̀pá, mo ń wé e bọ̀ títí dókè kí n tó tún so ó níbẹ̀. Bí ṣóńṣó bá ṣẹ́, ìdí ṣì dì í mú. Olúwa, lọ́dún tó kọjá, ṣóńṣó ṣẹ́ lára ọ̀rẹ́ mi. Okùn kò já, nítorí ìdí lo ti so ó. Mo dúpẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Okùn ẹ̀mí rẹ kò ní já, ọ̀rẹ́ mi. Okùn ìdílé rẹ kò ní tú. Okùn tí a so nígbà tí a ń fi píìnì pẹja, ọjọ́ ogbó ni yóò bá a lọ́wọ́ wa.

Okùn tó sọ̀ kalẹ̀ láti ṣóńṣó kò sì gùn ju ọ̀pá lọ. Àṣírí ọ̀pá tí kò ní kẹ̀kẹ́ tí ń ká okùn nìyí: bó o bá gbé ọ̀pá dúró, ìwọ̀ á fì, á padà wá bá ọwọ́ tó di ọ̀pá mú. O kò nílò ọwọ́ kejì láti fà á. Torí èyí ni mo ṣe yàn án fún ọ. Ohun tó o bá jù sínú omi ayé, kó máa fì padà wá sọ́wọ́ rẹ. Oore tó o ṣe fún ẹni tó ti gbàgbé, kó fì padà. Ọmọ rẹ tó wà lókè òkun, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá kí ọ lójú ayé. Ìlera tó lọ sí àárín omi, kó fì padà. Àṣẹ, àṣẹ.

Ìwọ̀ ni mo so sí i. Ìwọ ni mo so ìwọ̀ fún. Àwọ̀n la mọ̀ mọ́ Pétérù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń béèrè owó tẹ́ńpìlì lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ̀ ni Jésù ní kó lọ jù. Ìwọ̀ kan ṣoṣo, ẹja kan ṣoṣo, owó náà sì wà lẹ́nu ẹja. Ọlọ́run tí kò fojú kéré ìwọ̀ kan, kò ní fojú kéré ọwọ́ kan. Kí ẹja àkọ́kọ́ tó o bá gbé gbé ìdáhùn wá: owó oògùn, owó ilé ìwé, owó ilé. Ọ̀bọ̀kún, kí agbọ̀n rẹ kún. Ẹja àrọ̀, kí ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣáwá, kí ire wá. Epìyà, kí ìyà pin. Ẹ̀gbẹ́ ni akan ń gbà rìn, síbẹ̀ ó ń dé ibi tó ń lọ. Bó o ti ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀ yìí, wàá dé ibi tí ò ń lọ. Àmín.

Omi wa yìí ní ìgbà tirẹ̀. Lásìkò òjò, omi aláìníyọ̀ láti òkè odò á ti iyọ̀ padà sókun. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ á tún wọlé. Ní ọdún 1984 ni ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó yẹn kọ́kọ́ yọjú sínú omi Bàdágírì láti ìhà Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Benin. Títí di òní, bí òjò bá dé, á bo ojú omi mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ò ní rí ọ̀nà. Bí iyọ̀ bá dé, á kú. Ohun tó bo ojú ọ̀nà rẹ, kí iyọ̀ Ọlọ́run pa á. Lọ́hùn-ún, ní Gànvié lórí adágún Nokoué nílẹ̀ Benin náà, àwọn apẹja mọ bí a ti ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú omi. Akaja ni wọ́n ń pè é. Ẹja á wá fi ṣe ilé, á jẹ níbẹ̀, á bí sí i níbẹ̀. Kí ilé rẹ dà bí akaja: kí ire fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, kó jẹ níbẹ̀, kó bí sí i níbẹ̀.

Olúwa, mo gbé ìlú wa náà wá. Ilé àlejò ni wọ́n kọ́ Festac fún. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ènìyàn dúdú láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 péjọ fún àjọ̀dún tó fún ìlú wa lórúkọ, láti fi ohun tí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ohùn wọn lè ṣe hanra wọn. Wọ́n tilẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi dá àrà lórí ọ̀sà Èkó. Àwọn àlejò lọ, àwọn bàbá wa kó dé. Ìlú tó gba àlejò kì í ṣófo. Kí àlàáfíà wà láti First Avenue dé Seventh Avenue. Kó wà ní Mile 2 àti Agbójú, ní Satellite Town àti Kirikiri, kó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Tòmárò. A kò gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí iná bú gbàmù ní Abúlé-Àdó, tó gba ẹ̀mí, tó wó ilé. Tu àwọn tó ṣọ̀fọ̀ nínú. Irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí epo má ṣe dà sínú omi wa, nítorí ẹja kì í mí nínú epo. Kí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà má di ohun tí ìwọ̀ àwọn ọmọ wa yóò máa gbé. Jẹ́ kí omi tí a bá láyé ṣì jẹ́ omi lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe àmín láti òkè wá, ẹ̀yin náà kò ní ṣàìní ẹni tí yóò wọ̀n yín láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Lọ́jọ́ tí apá bá rọ, ẹ ó rí ọ̀pá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le, kí Ọlọ́run fi ẹni tí yóò ṣe nǹkan fún hàn án kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lánàá, mo dán ọ̀pá yìí wò. Mo so ìgò omi lítà kan mọ́ okùn, mo gbé e sókè. Ó tẹ̀, ó tẹ̀, mo dá èémí dúró. Kò ṣẹ́. Nígbà tí mo tú ìgò náà, ó nà tán bí ẹni tó jí lójú oorun. Ọ̀rẹ́ mi, ayé ti tẹ̀ ọ́. O kò ṣẹ́. O ó nà.

Ilẹ̀ ti mọ́ wàyí. Na ọwọ́ òsì rẹ. Jẹ́ kí n so ìdè yìí mọ́ ọ. Kò fún ọ jù? Ó dáa. Ìdẹ ti wà lẹ́nu ìwọ̀. Ọ̀tún rẹ ni n óò dúró sí, ibẹ̀ náà ni n óò sì máa dúró sí. Ní orúkọ Ẹni tó so okùn wa láti ìdí, ju ìwọ̀ sómi.

Àṣẹ.